Ìdí Tí Mo Fi Yan Oṣù Kẹsàn-án: Ètò Ìrìn-Àjò Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè sí Salvador

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó mọ Brazil pé oṣù wo ló dára jù láti lọ sí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia tó wà létí òkun, Oṣù Kejì ni yóò dárúkọ. Kò sì parọ́. Ọjọ́ 2 oṣù náà ni ọdún Yemọja ní àdúgbò Rio Vermelho, nígbà tí àwọn apẹja máa ń kó òdòdó, lọ́fínńdà, dígí àti ọṣẹ sínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sójú agbami. Carnaval kì í sì í jìnnà sí i. Gbogbo ayé ló ń lọ nígbà náà.

Èmi yan Oṣù Kẹsàn-án. Àwọn tí mo sọ fún ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ wò nígbà tí ijó bá ti tán. Èsì ìbéèrè wọn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lára wa yóò fẹ́ lọ lọ́jọ́ iwájú, bóyá sí Salvador, bóyá sí Ouidah tàbí Havana, ohun tí a sì máa ń rò mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń lọ ṣe. Projẹ́ẹ̀tì mi dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìró àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó di ọ̀rọ̀ àyálò nínú èdè Potogí ti Bahia. Inú ìwé ni mo ti kó ọ̀rọ̀ tó lé ní igba jọ. Nígbà tí mo gbé orí kẹta lọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní: “Ó dára. Àmọ́ ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí náà ni wọ́n ṣe ń pè é?” Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà náà. Kò sí ìwé tó lè dáhùn rẹ̀ fún mi. Etí ló lè dáhùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, oṣù díẹ̀ ni mo ní kí wọ́n tó pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Owó tí mo ní, àjọ ọdún méjì ni, láti ara iṣẹ́ títẹ projẹ́ẹ̀tì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, pẹ̀lú èyí tí Táíwò àti Kẹ́hìndé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, fi kún un. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ kó irú rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kejì kí ọdún mẹ́ta tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Tí mo bá dé ibẹ̀ tí àwọn àgbà kò ráyè, tàbí tí ilé òrìṣà wà ní títì, mo ti náwó ẹ̀gbọ́n mi lásán nìyẹn.

Ojú ọjọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo yẹ̀ wò. Salvador wà ní ìsàlẹ̀ ìlà tó pín ayé sí méjì, ní nǹkan bí ìwọ̀n 13, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn kò bá tiwa mu. Ìgbà tí oòrùn mú jù níbẹ̀ ni Oṣù Kejìlá títí dé Oṣù Kẹta. Òjò a máa rọ̀ níbẹ̀ yí ọdún po, ṣùgbọ́n láti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹfà ló máa ń pọ̀ jù, nígbà tí atẹ́gùn láti gúúsù ìlà-oòrùn bá ń gbé ìkùukùu wọ ilẹ̀ láti orí òkun. Òjò Oṣù Kẹsàn-án kì í tó ìdajì ti Oṣù Karùn-ún. Ẹ̀yin tó ń gbé Èkó mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, Oṣù Kẹsàn-án ni òjò máa ń padà wá lẹ́yìn ìdákẹ́ Oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá kúrò níbí ní àkókò náà, inú òjò ló ti ń lọ síbi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ooru rẹ̀ kì í ju 28 lọ lọ́sàn-án, kì í sì í sábà dín sí 21 lóru. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi kò fẹ́ràn òjò orí páànù, èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ràn ẹranko omi yóò gbọ́ pé àkókò náà làwọn àbùùbùtán máa ń wà ní etíkun Bahia, láti nǹkan bí Oṣù Keje sí Oṣù Kẹwàá. Èmi kò lówó ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń lọ wò wọ́n.

Ohun kejì ni kàlẹ́ńdà àwọn ènìyàn ibẹ̀, òun ló sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè máa kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ Carnaval kì í dúró sójú kan, àjíǹde ni wọ́n fi ń kà á sẹ́yìn. Ní 2026, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí 17 Oṣù Kejì. Ní 2027, 9 Oṣù Kejì ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ìlú ló wà lójú títì. Ilé ìwòsùn á gbówó lérí, ọkọ̀ kò ní rọrùn, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn ẹnì kan péré nínú ariwo ẹ̀rọ orí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní trio elétrico. Lọ́jọ́ kejì ni Lẹ́ńtì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Bahia ló jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọdún ìta gbangba ní àsìkò Lẹ́ńtì. Ó lè dà bí ohun ìyanu létí wa pé ilé Ògún àti Ọ̀ṣun ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé e bọ̀ láti ìgbà ẹrú nìyẹn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn Carnaval pé òun fẹ́ gbọ́ orin, ilẹ̀kùn títì ló máa bá.

Ó wá ku Oṣù Kẹsàn-án, oṣù ìbejì.

Ọjọ́ 27 oṣù náà ni àwọn ará Bahia máa ń ṣọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì tó jẹ́ ìbejì nínú ìjọ Àgùdà. Ìjọ fúnra rẹ̀ ti sún un sí ọjọ́ 26 láti 1969, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà. Ọjọ́ 27 ni wọ́n dúró lé. Abẹ́ orúkọ àwọn méjì yìí ni àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú fi Ìbejì sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni oúnjẹ ọdún náà ti máa ń jáde láti ilé dé ilé. Caruru ni wọ́n ń pè é: ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi epo pupa, edé gbígbẹ, àlùbọ́sà àti ẹ̀pà sè. Ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ lè ní ẹgbẹ̀rún ilá ni òun máa gé. Wọ́n á wá tò ó pẹ̀lú àkàrà, ìrẹsì, ẹ̀wà, adìyẹ, gúgúrú, àgbọn àti ìrèké. Kí àgbà kankan tó fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n á pe ọmọdé méje kí wọ́n jókòó sílẹ̀ yí abọ́ ńlá kan ká, kí wọ́n fi ọwọ́ jẹ ẹ́ tọ̀fẹ́tọ̀fẹ́, pẹ̀lú orin. Bí ẹnì kan bá rí odindi ilá kan nínú abọ́ tirẹ̀, òun ni caruru ọdún tó ń bọ̀ já lé léjìká. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ṣe ń se ẹ̀wà fún ìbejì níbí, tí à ń pe àwọn ọmọdé àdúgbò jọ, kò nílò olùtumọ̀.

Fún iṣẹ́ tèmi, ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá àgbà jókòó, ó ń gé ilá, ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn: ẹni tó jókòó, tí kò kánjú.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò lè fi pamọ́. Orúkọ mi ni Ìdòwú. Ní Bahia, Cosme àti Damião kì í dá wà. Nínú ọ̀pọ̀ ère wọn, ọmọ kékeré kẹta máa ń dúró láàárín wọn, orúkọ rẹ̀ a sì máa jẹ́ Doum. Ẹni tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń pè ní Alabá. Ìdòwú àti Àlàbá, ní ìtò bí a ṣe ń bí wọn gan-an! Àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà kò ní àbúrò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun ló gbà pé ìbejì kò lè wà láìní ẹni tó tẹ̀lé wọn, tí wọ́n sì fi í kún un.

Ẹ wá jẹ́ ká wo orúkọ náà bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ìdòwú di Doum. Fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ti jẹ. /W/ tó wà láàárín fáwẹ̀lì méjì ti pòórá. Fáwẹ̀lì tó kẹ́yìn, tí kì í ṣe àránmúpè lẹ́nu wa, ti di àránmúpè, nítorí lẹ́tà “m” tó wà níparí yẹn, imú ni wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe ètè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yà mí lẹ́nu jù. A mọ̀ pé Ògún di Ogum, Ọ̀ṣun di Oxum, ṣùgbọ́n àránmú ti wà nínú àwọn yẹn láti ilé. Ta ló wá fi imú sí Ìdòwú? Ṣé àwọn orúkọ òrìṣà ló fà á, tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá parí sí “u” fi ń wọ aṣọ wọn? Àbí àwọn kan wà tó ṣì ń pè é ní Dou? Mo ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Ìpajẹ fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ náà kò ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ bákan náà. Ìpàdé, oúnjẹ Èṣù tí wọ́n ń gbé jáde kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, ti di padê. Ìjẹ̀ṣà kò pàdánù tirẹ̀. Ijexá ni wọ́n ń pe ìlù náà títí dòní, òun sì ni ìlù tí ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní 1949, ń lù ní Carnaval. Ìyàwó, ìyẹn ọmọ awo tuntun, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, di iaô.

Ẹ kíyè sí àwọn àmì tó wà lórí fáwẹ̀lì wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lára wa ti máa ń ṣìnà. Wọn kì í ṣe àmì ohùn. Àmì náà ń sọ sílébù tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tún ń sọ bóyá ẹnu yà tàbí kò yà. “É” wọn dà bí “ẹ” wa, “ê” wọn dà bí “e” wa. “Ó” dà bí “ọ”, “ô” dà bí “o”. Ẹ wò ó báyìí: àṣẹ di axé, ẹbọ di ebó, mo dúpẹ́ di modupé, ṣùgbọ́n eré di erê, agogo di agogô, Ṣàngó di Xangô. Ó bára mu rẹ́gí. Àwọn tí kò tíì kọ àkọtọ́ Yorùbá kankan rí gbé ìyàtọ̀ e àti ẹ kọjá òkun, wọ́n sì pa á mọ́, nítorí èdè Potogí náà ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ni kò ríbi wọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ di ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ní sílébù tó kẹ́yìn.

Ìṣòro mi wà nínú fáwẹ̀lì tí wọn kò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àkọtọ́ Potogí kì í sàmì sí wọn. “O” tó bẹ̀rẹ̀ Oxum, ṣé bíi “ọ” ló rí lẹ́nu ìyá àgbà, àbí bíi “o”? “E” tó bẹ̀rẹ̀ ebó ńkọ́? Ohun tí olùkọ́ mi ń bi mí gan-an nìyí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kó jọ ni ebômi. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹni tó ti lo ọdún méje nínú awo tó sì ti ṣe ètùtù rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. “Gb”, kọ́ńsónáǹtì àfàséfètèpè tí Potogí kò ní, ti di “b” lásán, “mi” sì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ títí tí kò fi ṣeé yọ mọ́. Ẹni tó bá fi èdè Potogí sọ pé “minha ebômi”, ẹ̀ẹ̀mejì ló pè é ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni acarajé: àkàrà ni, pẹ̀lú “jẹ” tó ṣeé ṣe kó ti ẹnu àwọn tó ń kiri ọjà wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ̀ mọ́ ọn, ó di orúkọ oúnjẹ. Láti 2005 ni ìjọba Brazil ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Bí alákàrà bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní “quente”, kò bèèrè bóyá ó gbóná o. Ata ló ń sọ.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ara mi àti ẹ̀yin náà: kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ní Bahia ni Yorùbá. Ó ti sú mi kí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé àwa nìkan ni wọ́n kó lọ. Ìgbẹ̀yìn òwò ẹrú ni àwọn ènìyàn wa pọ̀ jù, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú, títí Brazil fi fòpin sí kíkó ẹrú wọlé ní 1850. Kí àwa tó dé, àwọn ará Angola àti Kóńgò ti wà níbẹ̀ fún igba ọdún. Epo pupa tí wọ́n fi ń dín àkàrà wa, dendê ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Kimbundu ni. Àbíkẹ́yìn ọmọ, caçula. Ọmọkùnrin kékeré, moleque: láti ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Ẹ̀kọ, acaçá ni, èyí sì sún mọ́ orúkọ tí àwọn Fọn ń pè é ju tiwa lọ. Yeda Pessoa de Castro, onímọ̀ èdè ọmọ Bahia, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣàlàyé pé èdè àwọn Bantu ló wọnú èdè ojoojúmọ́ jù, tí tiwa sì pọ̀ nínú ilé òrìṣà. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2001, Falares africanos na Bahia, ló yẹ kí ẹni tó ń lọ kọ́kọ́ kà.

Ohun tó jọ mọ́ èyí ni pé ẹ má ṣe retí pé ẹ máa fi Yorùbá dúnàádúrà. Orin, oríkì, ìkíni àti orúkọ ohun èlò ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì lè mọ̀ wọ́n jù wá lọ. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sọ “Agô”, ẹ ó gbọ́ “Agô iá”: àgò, àgò yà. Lẹ́yìn ìyẹn, Potogí ló kù. Oṣù méje ni mo ti fi ń kọ́ ọ báyìí lórí fóònù mi. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má ṣe tún ọ̀rọ̀ ṣe fún àgbà. Mo ti rí fídíò tí ọ̀dọ́ kan láti ilẹ̀ wa ti ń sọ fún ìyálórìṣà pé bí ó ṣe pe orúkọ òrìṣà kò tọ̀nà. Ojú tì mí. Ohun tí ìyá yẹn ń pè, nínú pàṣán ni wọ́n ti pa á mọ́. Iṣẹ́ wa ni láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìgbọ̀wọ́ sílẹ̀ ohùn náà ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé kì í gbà kí a ya fọ́tò tàbí gba ohùn sílẹ̀ nígbà ọdún, mi ò sì ní bèèrè. Inú ilé ìdáná àti àgbàlá, lọ́sàn-án, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ni màá ti gba tèmi. Bí wọ́n bá ní kí n pa á, màá pa á. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ títàn ni kí ẹ kó dání, ẹ má wọ dúdú, ẹ má sì wọ ṣòkòtò péńpé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí i pé àwọn tí kò tilẹ̀ wọ ilé òrìṣà rí ń wọ funfun kiri ìlú nítorí Oxalá, Òrìṣàńlá wa.

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀. Ní 1940, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ṣiṣẹ́ lórí èdè Gullah, lọ sí Bahia, ó sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Lára wọn ni Martiniano Eliseu do Bonfim, tó ti gbé Èkó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Yunifásítì Bahia dá ilé ẹ̀kọ́ CEAO sílẹ̀ ní 1959, ọmọ ilẹ̀ wa, E. L. Lasebikan, lọ kọ́ wọn ní Yorùbá níbẹ̀. Fún ẹni tó bá lọ fún ẹ̀kọ́, CEAO ní Largo Dois de Julho ni kó kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà ilé Pierre Verger, àti Museu Afro-Brasileiro ní Terreiro de Jesus, níbi tí àwọn òrìṣà tí Carybé gbẹ́ sára igi wà.

Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba fíìsà Brazil. Ilé iṣẹ́ wọn wà ní Abuja àti ní Èkó. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ọkọ̀ tó dín díẹ̀ tàn yín gba Yúróòpù, nítorí àwa ọmọ Nàìjíríà nílò fíìsà kí a tó lè pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú wọn pàápàá. Addis Ababa ni mo fẹ́ gbà dé São Paulo, kí n wá wọ bàálù abẹ́lé. Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání. Ago Salvador fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú: ní Oṣù Kẹsàn-án, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀, kí àlejò tó ń dá rìn ti wà nílé. Ọjọ́ 7 ni òmìnira Brazil. Ọjọ́ Ajé ló bọ́ sí ní 2026, kò sí ọ́fíìsì tó máa ṣí. Nítorí náà ọjọ́ 8 ni mo fẹ́ dé. Ọjọ́ 27 jẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ẹbí ló máa wà nílé.

Kí n tó lọ, mo ní iṣẹ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí wa, tí wọ́n ń pè ní Malê, ìyẹn ìmàle, dìde sí àwọn olówó wọn ní Salvador ní Oṣù Kìíní 1835, ìjọba Bahia lé ọ̀pọ̀ padà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn ra ọ̀nà ilé. Àwọn àti àwọn tó tẹ̀lé wọn ló kọ́ àdúgbò Campos àti òpópónà Bamgbose, tí à ń pe àwọn ọmọ wọn ní Àgùdà. Wọ́n ṣì ń se frejon ní ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Feijão ló di frejon lẹ́nu wa. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹnu Yorùbá ṣe sí ọ̀rọ̀ Potogí kí n tó lọ gbọ́ ohun tí ẹnu Potogí ṣe sí ti Yorùbá. Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, bí ìyá àgbà Àgùdà kan bá wà nílé yín tó ṣì ń sè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ àwọn olóòtú kí Oṣù Kẹjọ tó parí. Èmi ni màá ra ẹ̀wà.